Akọ̀wé Aba Lóyè àti Oko Mọ́kànlélógójì

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024, ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú òwúrọ̀, ni Fọláṣadé Akínsọwọ́n àti Dókítà Bísọ́lá kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́nu àbáwọlé Aba Lóyè ni wọ́n ti pàdé. Aba náà kò ju ilé mẹ́tàlá lọ. Bí ènìyàn bá ti Oǹdó ń bọ̀ wá sí Àkúrẹ́, yóò yà kúrò lójú títì, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bíi wákàtí kan kó tó débẹ̀. Dókítà, ẹni tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́, ti rin wákàtí náà pé. Bàtà funfun tó wọ̀ ti di pupa.

Fọláṣadé kò tíì kí i tán tí ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí bàtà náà.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ wọ bàtà yìí lọ ni, àbí oko?"

"Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀nà ti dára, Mà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Alága ẹgbẹ́ wa? Láti Kérésìmesì ni Alága kò ti rin ọ̀nà yẹn."

Ó wọlé, ó mú bàtà rọ́bà tirẹ̀ jáde fún àlejò, òun fúnra rẹ̀ sì wọ sálúbàtà. Bí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń ra kòkó ti sọ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn kò ní gba kòkó kankan mọ́ àyàfi tí àwọn bá mọ oko tó ti wá, ibi tí oko náà wà gan-an, ẹni tó ń ṣe é, àti pé kì í ṣe igbó ńlá ni wọ́n gé lulẹ̀ láti fi dá a. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó kòkó lọ sí òkè òkun ti bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Aba Lóyè sọ̀rọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá lè mú àkọsílẹ̀ tó pé wá, òun yóò máa ra kòkó lọ́wọ́ wọn ní tààrà, àwọn alágbàtà tó ń fi òṣùwọ̀n wọn rẹ́ àgbẹ̀ jẹ kò sì ní sí láàrin mọ́. Dókítà Bísọ́lá ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti fi ẹ̀rọ kékeré kan, tó jọ fóònù, ya àwòrán oko kọ̀ọ̀kan. Fọláṣadé ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Òun ni yóò máa mú un rìn, òun náà ni yóò sì máa kọ orúkọ.

Wọ́n rin ààlà oko mọ́kànlélógójì. Ní igun oko kọ̀ọ̀kan ni pèrègún wà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn baba ń gbìn láti fi pààlà. Bí wọ́n bá ti dé ìdí pèrègún, Dókítà á tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ á ké pín-ín, wọ́n á sì tún kọrí sí igun tó kàn. Tí wọ́n bá yí oko ká tán, Dókítà á yíjú sí ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀.

"Ta ló ni oko yìí?"

"Bàbá wa ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

Wọ́n á dárúkọ. Fọláṣadé á kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà, Dókítà á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó ṣiyèméjì, kò sì sí ẹni tó purọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n dé oko tí Fọláṣadé fúnra rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí Dókítà béèrè ìbéèrè rẹ̀, Fọláṣadé kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: Samuel Akínsọwọ́n.

Samuel Akínsọwọ́n ti kú láti ọdún 2009.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kò hàn sí obìnrin méjèèjì lọ́jọ́ náà, ìdí rẹ̀ sì wà. Ní agbègbè Oǹdó, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko ni oko ń jẹ́. Ẹni náà lè ti kú fún ogójì ọdún, oko rẹ̀ ṣì ni. Bí ọmọ bá pe oko bàbá rẹ̀ ní tara rẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, àwọn àgbà á bi í bóyá òun ló bí bàbá náà. Fọláṣadé mọ ìyẹn kó tó mọ ìwé kọ.

Ọdún 1970 ni wọ́n bí i nílùú Oǹdó, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kejì bí fún Samuel. Ó dé ìwé kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí owó ilé-ìwé tó di ohun tí wọ́n ń fi ojoojúmọ́ jiyàn nílé, ó sì fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró. Ó fẹ́ ọkọ sí Ìgbàrà-Òkè. Ayọ̀délé lorúkọ ọkọ náà, ó ń wa báàsì lọ sí Àkúrẹ́, kò sì gbé ohùn sókè sí i rí. Ní ọdún 1999, ọkọ kú. Ní ọdún 2001, Fọláṣadé di ẹrù rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ Dárasími lọ́wọ́, ó padà sí Aba Lóyè, nítorí bàbá rẹ̀ ń fọ́jú díẹ̀díẹ̀, oko sì ti fẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Apá òkè oko ṣì ní igi kòkó àtijọ́. Apá ìsàlẹ̀, tó sún mọ́ odò, ti di igbó. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ló pa àwọn igi ibẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún wọn gbìn. Fọláṣadé ṣán igbó náà. Ó kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ìbòòji lè wà, ó tọ́ ọmọ kòkó dàgbà sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń pọnmi bomi rin wọ́n. Àwọn tó gbìn ní 2003 kú nínú ọ̀gbẹlẹ̀, gbogbo wọn pátá. Ó jókòó sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún odidi ọ̀sán ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òmíràn. Àwọn ti 2004 yè. Bàbá rẹ̀, tí kò ríran mọ́, máa ń jókòó sórí gẹdú kan tó ṣubú, á ní kó máa ka igi náà sókè kí òun lè gbọ́. Ó ń kà á, bàbá náà ń mi orí.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbogbo ayé ń pe oko náà ní oko Bàbá Samuel. Fọláṣadé náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyáálé, Reuben, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Yaba nílùú Oǹdó, ni olórí ẹbí. Ọdọọdún ló ń rán ènìyàn wá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo. Ìjà kò sí láàrin wọn, nítorí kò tíì sí ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ jà.

Ìwé tí Fọláṣadé kọ lọ sí ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù kẹrin. Oṣù márùn-ún kọjá, wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, ìpàdé ńlá kan wáyé ní Àkúrẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké láti orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n pé jọ: Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Ivory Coast àti Nàìjíríà. Wọ́n ti ń pàdé bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan, láti ìlú kan dé òmíràn, kí wọ́n lè fi ẹnu kan sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ń ra irè oko wọn. Aba Lóyè rán akọ̀wé rẹ̀. Fọláṣadé jókòó sẹ́yìn, ìwé rẹ̀ lórí itan.

Ọkùnrin kan láti Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, dìde. Làlẹ̀yẹ ni wọ́n ń pè é, ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Yorùbá Kétu ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn tó wà níwájú sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ènìyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ohùn ìbátan tó ti pẹ́ lájò. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán.

"Ìjọba wá sí abúlé wa láti kọ ilẹ̀ sínú ìwé," ni Làlẹ̀yẹ wí. "Wọ́n béèrè pé ta ló ni ín. Èmi ni wọ́n bá nílé. Ìyàwó mi wà lóko náà gan-an, níbi tó ti ń ro ó fún ọdún méjìlélógún. Mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Kútọnu. N kò purọ́. Ọ̀wọ̀ ni mo fún ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi tà á. Ìwé wà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ìyàwó mi, ọkọ́ ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀."

Ó jókòó. Fọláṣadé kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn náà sínú ìwé tó wà lórí itan rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde láti jẹun ni Dókítà Bísọ́lá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá Dárasími, wọ́n ti dá ìwé wa padà."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní àwọn ń ṣe ìwádìí orúkọ. Wọ́n ń pe fóònù àwọn ilé, wọ́n ń béèrè àwọn olóko. Ilé tí wọ́n bá ti pè, èsì kan náà ni: Bàbá ti kú. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú mọ́kànlélógójì, Mà. Wọ́n rò pé a fẹ́ lu àwọn ní jìbìtì ni."

 Fọláṣadé ń rí ojú ewé ìwé náà lọ́kàn, orúkọ lórí orúkọ, àti lẹ́tà rẹ̀ tó gún régé.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló wí.

"Èmi ni mo béèrè, Mà. Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ níbí, ni wọ́n ti bí mi. Ó yẹ kí n mọ bí a ṣe ń dáhùn."

Ilé-iṣẹ́ náà fún wọn ní àyè di ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá. Orúkọ ẹni tó wà láyé, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe oko, ni kí wọ́n kọ sí oko kọ̀ọ̀kan. Kí ẹbí fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì. Odidi ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fẹ́ gbà. Bí oko kan bá ṣẹ́kù, wọ́n kò ní gba èyíkéyìí. Gbogbo aba yóò padà sẹ́nu òṣùwọ̀n àwọn alágbàtà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Fọláṣadé pe ìpàdé sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó ka lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ohun kankan pamọ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Alága ẹgbẹ́, Pa Akínkúnmi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló kọ́kọ́ bínú.

"Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ ká pa àwọn bàbá wa lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Rárá o, Alága."

"Kí wá ni? Bàbá mi ló dá oko mi. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi yọ orúkọ rẹ̀?"

Àbẹ̀bí, opó kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lé eṣinṣin, dá sí i.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, tí Bàbá yín bá wà láyé, ọmọ ọdún mélòó ni wọn ì bá jẹ́?"

Alága ronú. "Yóò tó ọdún méjìlélọ́gọ́fà."

"Ọdún méjìlélọ́gọ́fà, wọ́n ṣì ń gun òkè lọ ká kòkó! Òyìnbó kò gbọdọ̀ ra kòkó yẹn o. Àgbo tí Bàbá ń mu ni kí wọ́n rà."

Ẹ̀rín sọ. Alága gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Fọláṣadé dúró títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé tuntun kan. Odidi òru ọjọ́ Ẹtì ló fi ronú nípa ojú ewé náà, ó sì ti fi rúlà pín in sí ọ̀nà méjì. Ní apá òsì, ó kọ ọ́ pé: Ẹni tó dá oko. Ní apá ọ̀tún: Ẹni tó ń ṣe é lónìí.

"A kò yọ Bàbá kúrò," ló wí. "Àwọn ló máa ṣáájú. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ nìkan ni a fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí a kò bá kọ ọ́ fúnra wa, ẹlòmíràn á kọ ọ́ fún wa."

Pa Akínkúnmi wo ojú ewé náà. Ó ní kí wọ́n ka apá òsì fún òun. Wọ́n kà á. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Nígbà tó gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó na àtàńpàkò rẹ̀ síwájú kí wọ́n fi íńkì sí i.

Láti ọjọ́ náà, Fọláṣadé kò sinmi. Tó bá ti ro oko láàárọ̀, á wẹ ẹsẹ̀, á mú ìwé, á lọ. Ó dé Ìjù láti wá àbúrò olóògbé kan tó ní òun kò ní fọwọ́ sí nǹkan tí òun kò rí. Ó bá ẹbí kan tí ọmọ wọn jẹ́ méje sọ̀rọ̀ lórí fóònù ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́ta nínú wọn kò sì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn àna Àbẹ̀bí fẹ́ kọ orúkọ ọmọ ọkùnrin ilé tó wà ní Èkó. Fọláṣadé lọ jókòó sí pálọ̀ wọn lọ́jọ́ tí ọmọ náà wálé, ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, lójú gbogbo wọn, oṣù tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí kòkó. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ Àbẹ̀bí.

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti pé. Ẹyọ kan ló kù: oko Bàbá Samuel.

Ó ti lọ sọ́dọ̀ Reuben lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, Reuben gbà á tayọ̀tayọ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé.

"Èmi ni olórí ẹbí, Fọlá. Kọ orúkọ mi sí i, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Kí ló wá le níbẹ̀?"

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń ro ó."

"Ẹni tó ń gbá ilé, ṣé òun ló ni ilé?"

Nígbà kejì, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn. Ó ní òun ń lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì dé fìlà.

Ní aba, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ogójì oko ti pé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Alága fúnra rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Màmá Dárasími, jẹ́ kí a kọ Reuben. Orúkọ lásán ni."

"Bó bá jẹ́ lásán ni, Alága, kí ló dé tí ẹ ní kí n kà á fún yín lẹ́ẹ̀mejì?"

 Alága wo àwọn adìyẹ tó ń ṣa oúnjẹ lójúde.

Fọláṣadé kò lè sùn dáadáa ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbà, gbogbo ilé mẹ́tàlá á dúpẹ́, iṣẹ́ á parí. Ó tún mọ̀ pé Reuben ní ọmọ mẹ́rin nílùú, pé ọjọ́ tí Reuben bá kú, ìwé ni wọ́n máa wò. Ọ̀rọ̀ Làlẹ̀yẹ kò kúrò létí rẹ̀: ìwé lọ́wọ́ ẹnìkan, ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Igi tó gbìn fún ìgbà kejì lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ kú, ṣé wọ́n á sọ pé òun kò sí níbẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀tọ́ tó lè mú kó fi oko ogójì ènìyàn ṣòfò. Òun náà mọ ìyẹn.

Nítorí náà ló ṣe lọ sí Oǹdó ní ìgbà kẹta. Kò mú ìwé dání. Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ ohun kan ṣoṣo.

"Ẹ wá rin ààlà pẹ̀lú mi, Bọ̀dá mi. Tí a bá rìn ín tán, tí ẹ ṣì ní kí n kọ orúkọ yín, màá kọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí."

Reuben tẹjú mọ́ ọn. "Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú pé màá kọ ohun tí ẹ bá sọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá, Reuben dé pẹ̀lú ọ̀pá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Alága àti Àbẹ̀bí ni ẹlẹ́rìí. Fọláṣadé fà sẹ́yìn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun ṣáájú.

Ó yà á lẹ́nu pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ọ̀nà. Pèrègún kìíní, kò béèrè. Èkejì, ó yà sápá òsì kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ní ìdí ẹ̀kẹta, ó dúró, ó sì gbé ọwọ́ lé igi náà.

"Ọdún 1966," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Èmi ni mo dì í mú nígbà tí Bàbá ń wa erùpẹ̀ sí i. Wọ́n ní bí ó bá wọ́, àwọn á nà mí."

Igi náà kò wọ́. Fọláṣadé kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Fún ogún ọdún ó lé mẹ́ta ló ti ń ro ìdí pèrègún náà, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀. Ó yọ bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kí lò ń kọ?" ni Reuben béèrè.

"Ohun tí ẹ sọ."

Láti ibẹ̀, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sápá odò. Reuben kọjú sí ibi tí ojú ọ̀nà wà nígbà èwe rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ láàrin kòkó. Ó yí sọ́tùn-ún, kòkó. Ó yí sósì, ìlà kòkó tó gún bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi ta á. Èso pupa àti èso ọsàn lẹ̀ mọ́ ara igi láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bàtà rẹ̀ kan rì sínú ẹrẹ̀, Àbẹ̀bí ló bá a fà á yọ.

"Ẹ rọra o, tíṣà. Ibí yìí kì í gba ẹni tí kò bá mọ̀."

 Reuben ń wo òkè àwọn igi náà.

"Igbó ni ibí yìí, Fọlá."

"Igbó ni nígbà tí mo dé."

"Ta ló gbin gbogbo èyí?"

"Èmi ni. Ní 2004. Àwọn ti 2003 kú."

"Bàbá rí i?"

"Ojú wọn ti fọ́. Wọ́n máa ń ní kí n ka igi sókè kí àwọn lè gbọ́."

"Mélòó ni?"

"Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá."

Reuben bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí igi kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ka ìlà kan tán, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó dúró láàrin rẹ̀. Ó wá ibi tó gbẹ, ó jókòó sórí gbòǹgbò.  Omi odò nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àti ẹyẹ kan tó ń han gooro lókè réré.

"Òkè lọ́hùn-ún, èmi pẹ̀lú Bàbá ni," ni Reuben wí níkẹyìn. "Ìsàlẹ̀ yìí, ìwọ nìkan ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro òkè?"

"Èmi náà ni, Bọ̀dá mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti 2001."

Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ṣé o máa lé wọn?"

"Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sókè ojú ewé. Ọmọ yín tó bá fẹ́ wá ro òkè, kó wá. Màá fún un ní àdá. Ọjọ́ tó bá ń ro ó, màá kọ orúkọ rẹ̀."

"Kò sí èyí tó máa wá nínú wọn," ni Reuben wí, ó sì fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Mú ìwé náà wá."

Ó fọwọ́ sí i bí àwọn olùkọ́ àtijọ́ ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pé. Ní apá òsì: Samuel Akínsọwọ́n, àti ọmọ rẹ̀ Reuben. Ní apá ọ̀tún: Fọláṣadé Akínsọwọ́n. Alága tẹ àtàńpàkò, Àbẹ̀bí náà tẹ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé aba, Reuben ní òun kò ní lọ láìjẹun, nítorí òun ti rin ìrìn ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Dókítà Bísọ́lá fi ìwé ránṣẹ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, ọjọ́ mẹ́ta kí gbèdéke tó pé. Ilé-iṣẹ́ gbà á ní oṣù kejìlá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ wọn dé ojú títì, àwọn ará Aba Lóyè sì fi orí ru kòkó wọn lọ bá a, àpò lẹ́yìn àpò, láìsí alágbàtà kankan láàrin.

Ní oṣù kejì, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè márùn-ún tún pàdé, ní Kétu lọ́tẹ̀ yìí. Fọláṣadé gba Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rékọjá ẹnubodè. Àwọn aṣọ́bodè ṣí àpò rẹ̀, ìwé nìkan ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì ní kó máa lọ. Làlẹ̀yẹ, tó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Aba Lóyè, pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n kó bí ogójì obìnrin jọ sábẹ́ àtíbàbà kan, wọ́n ní kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì sọ báyìí:

"Ẹ kú ìjókòó o. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo kọ orúkọ bàbá mi sí oko tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn, mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ìwà ọmọlúàbí ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń ka ìwé yẹn kò mọ bàbá mi, kò mọ èmi náà. Ẹ má dúró kí wọ́n tó wá bi yín. Ẹ pe ẹbí yín jọ, ẹ rin ààlà, ẹ kọ ẹni tó dá oko, ẹ kọ ẹni tó ń ro ó. Ẹni tó bá ń bínú, ẹ mú òun gan-an dání lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun náà sọ ohun tó mọ̀, nítorí ó lè mọ nǹkan tí ẹ̀yin kò mọ̀. Tó bá gba ìgbà mẹ́ta, ẹ lọ ní ìgbà mẹ́ta. Àwọn ará Aba Ọlọ́runṣògo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ti ní kí n wá bá àwọn ṣe tiwọn. Oko méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀."